Ẹ má tíì dáná sun ṣéènì ìdí ìyàwó yín

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn tí ẹ̀ ń gbé jáde fún wa. Ìyá tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọ̀jẹ́, n'Ìbàdàn níbí, ni mí. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí sórí fóònù, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí àmì ohùn kò ti pé, òun ni kí ẹ bá wí.

Láìpẹ́ yìí, ẹ gbé lẹ́tà ọkùnrin kan jáde tó ní ìyàwó òun ra ṣéènì ìdí, ó lò ó fún ìgbà díẹ̀, ni ìbàdí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, tó lé kókó wẹ́wẹ́, tó sì dúdú yíká ibi tí ṣéènì náà jókòó sí. Wọ́n gbé e lọ sílé àdúrà, wọ́n ní ẹ̀mí omi ló so ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà wá gba gbogbo ọkọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó ohun tó bá wà nídìí ìyàwó wọn dáná sun. Mo ka lẹ́tà yẹn, mo tún un kà. Inú bí mi, àmọ́ àánú obìnrin yẹn ló ṣe mí jù, nítorí wọ́n ti gbààwẹ̀ lé e lórí tán, kò sì sẹ́ni tó bi í pé irú irin wo lo tiẹ̀ rà.

Ohun tí ọkùnrin yìí ṣàpèjúwe, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Níkẹ́lì ni. Irin funfun kan ni, ó ń dán, kò sì wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ olówó pọ́ọ́kú fi máa ń pò ó mọ́ irin mìíràn, tàbí kí wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó fi omi góòlù pa á lókè. Àwọn dókítà awọ ara sọ pé nínú gbogbo irin tí ara èèyàn máa ń kọ̀, òun ló ń da àwọn tó pọ̀ jù láàmú. Bí òógùn bá ti kàn án, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jò sára. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, ibi tí irin náà fara kàn gẹ́lẹ́ ni yóò ti máa yún un, ibẹ̀ ni yóò ti lé, ibẹ̀ náà ni yóò sì dúdú nígbà tó bá ń san. Ìyẹn ló jẹ́ kí àpá náà yí ìbàdí obìnrin yẹn po. Láti ọdún 1994 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti jọ ṣòfin pé ẹ̀ṣọ́ tó bá máa pẹ́ lára èèyàn kò gbọdọ̀ tú níkẹ́lì sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, inú àpò ìrẹsì ni mo ti rí i tí wọ́n ń da ṣéènì sílẹ̀ láàárín ọjà, tí wọ́n ń pariwo pé góòlù Dùbáì ni.

Kí bàbá yẹn lè gbà mí gbọ́, ohun tí mo fẹ́ kó bi ìyàwó rẹ̀ kò le. Ṣé yẹtí olówó pọ́ọ́kú ti jẹ ẹ́ létí rí? Bó bá sì wọ jíìnsì, ṣé abẹ́ ìdodo rẹ̀, níbi tí bọ́tìnnì irin máa ń kàn, kì í yún un? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, àfi bí ẹ̀mí omi bá tún ti ń rán bọ́tìnnì. Kí wọ́n bọ́ ṣéènì náà kúrò. Bó bá ti di egbò tàbí tó ń ṣomi, dókítà awọ ara ni kí wọ́n lọ rí, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn UCH. Wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èèyàn láti fi mọ irin tí ara rẹ̀ kò gbà. Kí wọ́n má sì pò ó mọ́ àwọ̀ ewé tí idẹ àti bàbà máa ń yọ sára o. Ìyẹn kò ní kí ara yún èèyàn, ọṣẹ àti omi á ṣí i.

Ọ̀rọ̀ kejì tó dùn mí nínú lẹ́tà yẹn ni bó ṣe sọ gbogbo ohun tí obìnrin ń so mọ́dìí di ti Màámí Wọ́tà. Alájà tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ti Mẹ́kà dé kí n tó mọ̀ ọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ wà lára àwọn oníbàárà mi, wọ́n máa ń ní kí n fi nylon dúdú wé e fún àwọn. Jìgìdá ni wọ́n fi sí gbogbo wa nídìí nígbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́, bó bá sì ti ń fún, ìyá á mọ̀ pé ọmọ òun ń sanra láìgbé e lọ sórí òṣùwọ̀n kankan. Àwọn àgbà obìnrin ní lágídígba, tí wọ́n fi èèpo líle ara ẹ̀kùrọ́ ṣe. Àwọn bàbá wa ló sì sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ nǹkan ègún ni, ta ni ì bá fi sídìí ọmọ tirẹ̀?

Ọmọ ọmọ mi yìí kan náà ló ka ìwádìí kan sí mi létí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Dókítà Abídèmí Babalọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Lọ́dún 2017 wọ́n kọ ọ́ jáde pé àwọn ará Ifẹ̀ ti ń po dígí fúnra wọn níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí ọdún 1500, àti pé èròjà inú ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n fi ń po ó. Mo jókòó, mo ń ronú nípa àwọn tó sín gbogbo ìyẹn. Ṣéènì tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń so mọ́dìí, lójú tèmi, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni ó pààrọ̀ aṣọ. Àwọn ará Íńdíà náà ti ń fi fàdákà àti wúrà ṣe tiwọn láti ìgbà pípẹ́, ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n sì máa ń fi í yangàn jù.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń yàn án fún àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bi oníṣòwò pé irin wo ni. Bó bá ní “góòlù ni,” ẹ ní kó gbé e sórí ìwọ̀n, torí góòlù tòótọ́, gíráàmù ni wọ́n fi ń tà á, owó rẹ̀ sì máa jẹ́ kí ẹ tún jókòó rò ó. Bí ẹ bá rí 750 tí wọ́n tẹ̀ sí ara ìkọ́, ó ń sọ pé nínú ìdá 1,000, ìdá 750 ni wúrà. 925 túmọ̀ sí fàdákà, bàbà ni wọ́n sábà máa ń fi dí ìyókù. Àmọ́ o, ẹni tó lè lu góòlù páńdà lè lu nọ́ńbà sí i lára. Ẹ mú òòfà dání, irú èyí tó wà lẹ́yìn agbọ́hùn rédíò tó ti bàjẹ́. Ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò yín á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí òòfà bá fa ṣéènì, kì í ṣe wúrà, kì í sì í ṣe fàdákà. Bí kò bá fà á, ẹ má tíì jó, torí idẹ náà kì í tẹ̀lé òòfà.

Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ níkẹ́lì, tí kò sì ní owó góòlù, kó wá irin titanium tàbí fàdákà 925. Irin tí kì í dípẹtà, èyí tí wọ́n ń pè ní stainless steel, ní níkẹ́lì nínú, ṣùgbọ́n ó dì í mú dáadáa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó láìsí wàhálà. Kí ẹni tí ara rẹ̀ máa ń tètè kọ nǹkan má fi dánra wò. Èyí tí wọ́n fi omi góòlù pa lára, ó lẹ́wà lọ́jọ́ tí ẹ rà á, àmọ́ etí sòkòtò àti ìdè ìró yóò máa họ ọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí omi góòlù bá ti lọ, ohun tó wà nísàlẹ̀ ni yóò máa bá ara yín sọ̀rọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ gígùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà sòkòtò yín ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ibi tí sòkòtò ń dúró sí àti ibi tí ṣéènì ń dúró sí kì í ṣe ọ̀kan náà. Òwú ni kí ẹ mú, kí ẹ fi yí ibi tí ẹ ti fẹ́ kó wà po. Àwọn kan fẹ́ ẹ lókè ìdodo, níbi tí ara ti tẹ̀ wọlé. Àwọn mìíràn fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ sórí egungun ìbàdí, gígùn méjèèjì sì jìnnà síra ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹun kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó, torí ikùn orí ìdúró kọ́ ni ti orí ìjókòó. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ òwú náà nígbà tí ẹ bá jókòó. Ẹ wá na òwú náà sára rúlà. Oníbàárà mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi wáyà fóònù wọn ìdí rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kò sì sọ bí wáyà náà ṣe gùn tó. Bí nǹkan oṣù bá sún mọ́lé, ikùn obìnrin mìíràn máa ń wú, nítorí náà èyí tó ní ìfàgùn ló dáa, ìyẹn ojú ṣéènì kéékèèké tó wà ní ìparí tí ẹ lè máa sún ìkọ́ sí.

Bó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sínsín ni, okùn ni kí ẹ wò kí ẹ tó wo àwọ̀. Òwú lásán máa ń mu òógùn, ó sì máa ń rà, ìyẹn ló fi ń já lójijì tí ìlẹ̀kẹ̀ á máa yí kiri láàárín ọjà tí gbogbo èèyàn á sì máa wo yín. Rọ́bà dùn ún wọ̀, kò bèèrè ìkọ́, àmọ́ bó bá pẹ́ á dẹ̀. Okùn nylon tí àwọn apẹja ń lò ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń ta kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì máa ń fi iná àbẹ́là kàn án lẹ́nu kó má bàa tú. Kí ẹ wá fi aṣọ funfun tó tutù nu ìlẹ̀kẹ̀ náà níwájú ẹni tó ń tà á. Bí àwọ̀ bá bá aṣọ lọ, wọ́n kùn ún ni. Dígí tí àwọ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ gan-an, irú èyí tó ń ti ilẹ̀ Czech wá láti ayé àwọn ìyá wa, kò ní ṣí.

Lílò rẹ̀ kò le, ojú àwọn èèyàn ló le. Mo ti gbọ́ ọ tí wọ́n ń sọ pé ẹni tí ìdí rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló yẹ. Irọ́ ni. Ìbàdí tó kún ló ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ níyì jù, àfi pé kí ẹni tó sanra má ra ṣéènì tó tín-ín-rín jù, torí ó máa rì sínú ara, yóò sì máa gé e. Kó mú èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ìlà méjì mẹ́ta. Ẹ má so irin àti ìlẹ̀kẹ̀ kíkùn pọ̀ mọ́ra, irin á họ àwọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń lọ síbi tí ẹ máa wọ aṣọ òkè tàbí léèsì, ṣéènì tó ní ìkọ́ ṣóńṣó kò gbọdọ̀ wà lórí aṣọ náà. Ó máa fa òwú jáde. Mo ti rí i tí ìkọ́ kan ṣoṣo ba sányán jẹ́, àwọn ahunṣọ tó wà nítòsí mi ní Ọ̀jẹ́ wò ó bí ẹni tí wọ́n lù. Lábẹ́ ìró ni kó wà, tàbí kí ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọge tó ń wọ bùláùsì péńpé tí wọ́n sì jẹ́ kí ṣéènì hàn lórí jíìnsì, kò bí mi nínú. Ìgbà ọmọge tèmi, ìró la máa ń so sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ìlẹ̀kẹ̀ lè yọjú nígbà ijó, ká má purọ́ fúnra wa.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú wá kù. Ojú ewé àwọn obìnrin nínú ìwé ìròyìn yín kan náà ti kọ ọ́ rí pé kí wọ́n fi ọṣẹ ìfọyín fọ ṣéènì. Ẹ dákun, ẹ má kọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nǹkan kan wà nínú ọṣẹ ìfọyín tó rí bí iyanrìn kíkúnná, yóò họ fàdákà, yóò sì bó omi góòlù kúrò. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò le, búrọ́ọ̀ṣì eyín ọmọdé tó rọ̀, ó tán. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi aṣọ òwú gbá omi rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú ojú ṣéènì kí ẹ tó kó o pamọ́. Ọ̀ṣun ni wọ́n ń kì pé ó wẹ idẹ kó tó wẹ ọmọ, òróńbó wẹ́wẹ́ sì ni àwọn ìyá wa fi ń fọ idẹ tí yóò fi máa kọ mànà. Idẹ gidi gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún òróńbó sórí ohun tí wọ́n fi omi góòlù pa, ẹ ti sọ ọ́ nù, bí ẹ bá sì fún un sórí iyùn, yóò jẹ ẹ́ lójú, torí inú òkun ni iyùn ti wá, irú èèpo ìgbín ló fi ara jọ. Omi kíkan máa ń yọ́ ọ.

Kí ṣéènì jẹ́ ohun tí ẹ máa so kẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń múra, lẹ́yìn tí ìpara àti lọ́fínńdà ti gbẹ lára. Kó sì jẹ́ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bọ́. Ẹ má fi wọ odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi yẹn ń ba irin jẹ́. Fàdákà máa dúdú bó bá wà níta lásán, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sínú nylon kékeré, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ kọ́ ìkọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e pamọ́, kó má bàa lọ́ pọ̀ mọ́ra. Bó bá ti lọ́ pọ̀, ẹ da páúdà ọmọdé sí i lórí, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ méjì tú u wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má fà á.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá fún iṣẹ́ abẹ, tàbí fún àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní MRI, ẹ bọ́ ọ nílé. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tí nọ́ọ̀sì fi sísọ́ọ̀sì gé tiwọn lẹ́nu ọ̀nà tíátà, ìlẹ̀kẹ̀ wọn sì fọ́n ká sílẹ̀.

Lórí àwọn ọmọ ọwọ́, ibi tí mo le sí jù nìyí. N kì í ta ṣéènì irin fún ọmọ ọwọ́ rárá. Ọmọdé á fi ohun gbogbo sẹ́nu, òjé sì máa ń wà nínú irin olówó pọ́ọ́kú mìíràn. A kò tíì gbàgbé ohun tí òjé ṣe fún àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù nínú ọgbà ilé: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló kú. Bí ẹ bá fẹ́ jìgìdá fún ọmọ, kó jẹ́ dígí tàbí lágídígba, kí ẹ máa fa okùn rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì bọ́ ọ nígbà tó bá ń sùn, torí ìlẹ̀kẹ̀ kan tó bá já bọ́ tó láti há ọmọ lọ́nà ọ̀fun.

Olótùú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ bá wa pariwo sí etí àwọn oníṣòwò kí wọ́n máa kọ irú irin tí wọ́n ń tà sórí ìwé pélébé, kí wọ́n so ó mọ́ ọn. Èmi ti bẹ̀rẹ̀, ìwé ìkọ̀wé àtijọ́ ọmọ ọmọ mi ni mo ń gé. Àwọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọjà ò ní tà bí a bá ń sọ òtítọ́ jù. Ó ń tà.

Kí ẹ sì bá mi sọ fún bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn pé bí kò bá tíì sun ṣéènì náà, kó fún ìyàwó rẹ̀ mú wá sí Ọ̀jẹ́. Òòfà wà lọ́wọ́ mi, mo máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì máa fi òwú wọn ìdí rẹ̀ kí n lè sín ìlẹ̀kẹ̀ dígí fún un. Owó okùn nìkan ni mo máa gbà.

Èmi ni,
Ìyá oníìlẹ̀kẹ̀,
Ọjà Ọ̀jẹ́, Ìbàdàn.